Abo alágẹmọ ní Gwagwalada: àmì wo ni kí n wò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Alágẹmọ mẹ́rin ló wà lórí igi máńgòrò kan ní Gwagwalada. Ẹ̀yà méjì ni mo fura sí: Chamaeleo senegalensis àti Chamaeleo gracilis. Méjèèjì ló wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Gracilis tiẹ̀ nà dé Ethiopia àti Kenya.

Mi ò ka àwọ̀ sí rárá, torí ó ń yí padà lójú ẹni. Gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni mo yẹ̀ wò: akọ gracilis ní ṣóńṣó kékeré kan níbẹ̀, akọ senegalensis kò ní. Ọ̀kan nínú wọn, tí ìdí ìrù rẹ̀ wú bíi ti akọ, ní ṣóńṣó náà, tiẹ̀ ti yanjú. Abo ni mẹ́ta yòókù, àìsí ṣóńṣó lára abo kò sì fi ẹ̀yà hàn. Mo tún wo awẹ́ awọ tó wà lẹ́yìn orí. Ti gracilis kéré débi pé fọ́tò kì í gbé e dáadáa. Mi ò sì fẹ́ kí a pa ìkankan.

Ìbéèrè mi nìyí: àmì wo lára abo, láàyè, ló máa ya ẹ̀yà méjèèjì sọ́tọ̀ láìsí àṣìṣe?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa dáhùn.