Àbọ̀ lórí fọ́tò ìgbéyàwó lábẹ́ igi: a ti rí i yanjú

Ẹ kú àdúrótì. Mo bèèrè níjọ́sí pé kí ni mo lè ṣe sí fọ́tò tọkọtaya lábẹ́ igi ńlá ní Botanical Garden Yunifásítì Ìbàdàn, tí ojú wọn ń funfun bálau, tí ẹ̀yìn wọn sì dúdú biribiri. A yà á ní Sátidé.

Ìmọ̀ràn pé kí n yọ fláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà ló ṣiṣẹ́ jù. Mo gbé e sórí irin lápá òsì, ó ga ju gèlè ìyàwó lọ díẹ̀, mo sì fi agboòrùn funfun bò ó. Mo wá dẹ shutter (ìlẹ̀kùn kámẹ́rà tó ń ṣí gba ìmọ́lẹ̀) láti ìdá 1/200 ìṣẹ́jú àáyá sí 1/60, kí ìmọ́lẹ̀ abẹ́ igi lè ráyè wọlé; ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) jẹ́ 1600, ojú lẹ́ńsì sì ṣí dé f/2.8. Igi ẹ̀yìn wọn yọ, òwú dídán ara aṣọ òkè hàn fínnífínní. Àmọ́ kí wọ́n dúró gbagidi o. Àwọn tí mo yà nígbà tí wọ́n ń rìn ṣe bàìbàì.

Reflector (pátákó tó ń da ìmọ́lẹ̀ padà sára ènìyàn) ò ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, oòrùn ò kúkú wọlé débẹ̀.

Àwọ̀ ewé tí ìmọ́lẹ̀ abẹ́ igi ń kó bá aṣọ ló kù. Ó hàn léjìká agbádá funfun ọkọ, níbi tí iná ò dé. N ò rí gel aláwọ̀ ewé (ike fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá) rà, èyí tí ẹ ní kí n fi bo fláàṣì kí àwọ̀ iná rẹ̀ àti ti ìmọ́lẹ̀ abẹ́ igi lè bára mu, kí n wá yọ àwọ̀ ewé náà kúrò nínú fọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń tún àwọn fọ́tò náà ṣe báyìí. Ẹ ṣé gan-an.