Ṣílì ẹran màlúù àti ẹ̀wà: ṣé a lè da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Àbẹ̀kẹ́_Yábàá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alásè. Èèyàn 8 ni mo fẹ́ se ṣílì, ọbẹ̀ ẹran alátá àwọn ará Amẹ́ríkà, fún ní Sátidé. Ẹran kìlógíráàmù 1 wà nílẹ̀, ẹ̀wà pupa ńláńlá tó kún agolo mílíìkì 3, tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà. Ìlànà tí mo rí ní kí n fi ṣíbí ìjẹun 3 "chili powder" sí i. Ṣé ata gígún náà ni? Ṣé mo sì lè da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan, kí n fi iná kékeré sè é títí á fi jinná? Gáàsì ti fẹ́ tán.

Ìyá_Oníkòkò:
Rárá o, ẹ má dà á pọ̀. Tòmátì máa ń kan, ohun kíkan kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀. Ẹ lè sè é fún wákàtí 3 kó ṣì máa le lẹ́nu. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́ Fúráìdé, ẹ ju iyọ̀ ṣíbí tíì 1 sí i. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ da omi yẹn nù, ẹ bu òmíì, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 10 gbáko kí ẹ tó dín iná kù. Tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ tó fọ́ wẹ́rẹ́, ó ti tó.

Ìṣẹ́jú 10 yẹn ṣe pàtàkì. Májèlé wà nínú ẹ̀wà pupa yìí tó ń fa èébì àti inú rírun. Híhó ló ń pa á. Iná kékeré tí kò jẹ́ kó hó ò lè pa á. Ní ti gáàsì, ẹ̀wà tó ti rẹ kì í pẹ́ lórí iná.

Alápatà_Oyíngbò:
Ẹran ẹsẹ̀ tó ní iṣan ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́. A ti mọ́ ọn lára láti bọ ẹran kí á tó dín in, àmọ́ ẹ má bọ eléyìí. Tútù ni kẹ́ ẹ dín in. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ jẹ́ kí òróró gbóná, kẹ́ ẹ sì pín in sí ọ̀nà 3. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, omi ara rẹ̀ á jáde, á wá máa bọ̀ dípò kó pọ́n. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ má fọ̀ ọ́ dànù o! Ẹ da àlùbọ́sà sí i pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ fi ṣíbí ha á. Ibẹ̀ ni adùn wà.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó:
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ata gígún! Àdàlù ni "chili powder" àwọn ará Amẹ́ríkà: ata gbígbẹ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ta, kumin (èso olóòórùn kan), oregano (ewé olóòórùn gbígbẹ) àti aáyù. Ṣíbí ìjẹun 3 ata gígún tiwa, àlejò ò ní lè jẹ ẹ́. Ẹ lo paprika (ata pupa lílọ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ta) ṣíbí ìjẹun 2, kumin ṣíbí tíì 3, oregano ṣíbí tíì 1, ata gígún ṣíbí tíì 1, ọmọ aáyù 4. Kọ́rì ò lè rọ́pò kumin.

Ẹ dà á sórí àlùbọ́sà tó ti rọ̀, ẹ rò ó fún ìdajì ìṣẹ́jú péré, torí kumin tó bá jóná máa ń korò. Lẹ́yìn náà, tòmátì inú ọ̀rá kan, ẹ dín in títí òróró á fi léfòó. Ẹ wá da tòmátì 5 àti tàtàṣé 3 tẹ́ ẹ ti lọ̀ sí i, ẹ dá ẹran padà, kí omi bò ó. Iná kékeré, wákàtí 1 ààbọ̀. Ó bá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ da ẹ̀wà tó ti jinná sí i. Àwọn ará Texas ní Amẹ́ríkà kì í fẹ́ rí ẹ̀wà nínú tiwọn rárá, àmọ́ ta ló bi wọ́n?

Àbẹ̀kẹ́_Yábàá:
Ẹ ṣé gan-an. Kánún ńkọ́, kí ẹ̀wà tètè rọ̀? Bó bá sì ṣàn ńkọ́?

Ìyá_Oníkòkò:
Ẹ̀wà tó ti rẹ ò nílò kánún. Bó bá pọ̀ jù, á máa run bí ọṣẹ lẹ́nu. Bó bá ṣàn, ẹ tẹ ẹ̀wà ìgbakọ 1 fọ́, ẹ rò ó mọ́ ọn. Ẹ má fi ìyẹ̀fun sí i. Gbàrà tí ẹ̀wà bá ti wọlé, ẹ máa rò ó láti ìsàlẹ̀, torí ó máa ń jó nídìí. Bó bá ti jó, ẹ má rò ó mọ́: ẹ rọra bu ti òkè sínú ìkòkò míì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, inú abọ́ fífẹ̀ ni kẹ́ ẹ dà á sí kó lè tètè tutù, kó sì wọ fíríìjì kó tó pé wákàtí 2.