MiFi mi ń wọ́ bí ìgbín, dátà sì ń tán bí omi, ẹ gbà mí o

Àǹtí Onífótòkọ́pì (Ṣómólú):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì kó jọ̀ọ́ dá sí ọ̀rọ̀ mi, ó ti sú mi. Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló kún ibí, èmi ò ní mẹṣíìnì ńlá o, fótòkọ́pì ni, káàdì ìpè, làmínéètì, kí n bá èèyàn tẹ lẹ́tà, kí n bá ọmọ iléèwé fa èsì ìdánwò jáde. Láptọ́ọ̀pù kan ni mo ń lò, tòkunbọ̀, Windows 10, RAM 4GB, láti 2019 ni mo ti ra á. MiFi, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló jẹ́ kí n kọ èyí. Alhaji kan fi dìsáìnì ìwé fídáù ránṣẹ́ sí mi, 60MB péré, mo tẹ dáńlódù, ó ń yí, ó ń yí, Alhaji jókòó, ó dìde, ó lọ ra omi tútù, ó padà dé, kò tíì dé ìdajì. Ló bá ní "Àǹtí, fídáù ọjọ́ kẹjọ ni mo fẹ́ fi ìwé yìí ṣe o, kì í ṣe ti ogójì ọjọ́." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí dọ́kàn.

Dátà náà ń kọ́? Mo ra 40GB lọ́jọ́ kìíní oṣù, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹtàdínlógún ó ti tán porogodo. Mi ò wo fíìmù, mi ò sí lórí TikTok, iṣẹ́ ni mo ń fi í ṣe. Ó sì yà mí lẹ́nu pé tí mo bá gbé fóònù mi jáde sẹ́nu ọ̀nà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ńṣe ló ń sáré. MiFi ò sì jìnnà sí mi rárá, abẹ́ kọ́ńtà ló wà, nínú kéèjì tí wẹ́dà bá mi ṣe torí wọ́n ti jí ti àkọ́kọ́ lọ, mo máa ń tì í ni. Ẹnìkan ní kí n lọ ra ráútà 5G, òmíràn ní kí n ra láptọ́ọ̀pù tuntun. Owó dà? Ẹ bá mi wò ó kí n tó lọ jẹ gbèsè.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe (Ìkẹjà):

Àǹtí, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Computer Village ni mo ti ń jẹun o, ó yẹ kí n sọ pé kẹ́ ẹ máa bọ̀ wá rà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é ná.

Ẹ ṣí fast.com nínú búráúsà, ó máa fi nọ́ńbà kan hàn yín, bí íntánẹ́ẹ̀tì yín ṣe ń yára tó nìyẹn, Mbps ni wọ́n ń kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ló ti máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú, torí Mbps yẹn kì í ṣe MB tá a fi ń ka fáìlì, mẹ́jọ ẹ̀ ló ń di ẹyọ kan. Tó bá fi 2 hàn yín, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni MB kan ṣoṣo máa gbà. Fáìlì Alhaji tó jẹ́ 60MB á wá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, ìyẹn tí kò bá sí ẹlòmíràn tó ń bá yín fà á.

Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á jáde, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí. Tó bá lọ jókòó sí 100% tí kò kúrò níbẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín ò pin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, hard disk ló ti rẹ̀. Àwọn tòkunbọ̀ àtijọ́ yẹn, hard disk inú wọn ṣì ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni, ẹrù Windows 10 ti wúwo jù fún un. SSD la fi ń rọ́pò ẹ̀, kò sí nǹkan tó ń yí nínú tiẹ̀, a sì lè kó gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ má pàdánù fáìlì kankan. Mo ti rí láptọ́ọ̀pù tí ẹni tó ni ín fẹ́ gbé sọnù, ìgbà tá a ki SSD bọ̀ ọ́ ó ń bínú pé òun ò tètè mọ̀. RAM yẹn náà, ìyẹn mẹ́mórì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí àyè bá wà, ẹ sọ 4 di 8.

Nínú Task Manager náà ẹ lọ sí Startup, gbogbo ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà jí láàárọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ pa èyí tẹ́ ò lò (ẹ fi antivirus sílẹ̀ o). Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ Shut down lálẹ́, Fast Startup ò jẹ́ kó pa tán, ó máa ń tọ́jú díẹ̀ pa mọ́ kó lè yára jí lọ́jọ́ kejì. Restart ló ń gbá gbogbo ẹ̀ mọ́. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán.

Ti dátà: Settings, Network & Internet, ẹ tẹ orúkọ wáífáì yín, ẹ wá Metered connection, ẹ tàn án. Windows á ti mọ̀ nìyẹn pé owó lẹ fi ń ra dátà, ọ̀pọ̀ àpdéètì ló máa dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ní kó wá. Ibi tí wọ́n kọ Data usage sí á sì dárúkọ olè fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, app yìí jẹ èyí, app tọ̀hún jẹ tọ̀hún. Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025, torí náà ẹ máa fojú sí Windows 11 tí láptọ́ọ̀pù yín bá lè gbé e, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń fi í wọ báǹkì.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba:

Ẹ kàn yí DNS sí 1.1.1.1 jàre, ẹ máa rí i bó ṣe máa fò. Gbogbo gírámà yẹn fún kí ni?

Tíṣà Kọ̀ǹpútà (Yábà):

Ọmọ Ojúẹlẹ́gba, rọra. Ìwọ tó o wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, tí àlejò bá bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ bíríjì tó ń béèrè ọ̀nà Ìtirẹ, ẹni tó bá tètè dá a lóhùn ti ṣe é lóore, àmọ́ ìdáhùn yẹn ò ní kí gòsìló tú. Iṣẹ́ DNS nìyẹn, ó ń júwe ibi tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wà fún kọ̀ǹpútà yín ni. Yálà 1.1.1.1 ti Cloudflare tàbí 8.8.8.8 ti Google, ojú ìwé lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, àmọ́ tó bá ti di ká fa fáìlì 60MB, kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Àwọn app tó ń pariwo pé àwọn máa sọ íntánẹ́ẹ̀tì di ìlọ́po mẹ́ta náà, irọ́ ni, dátà yín ni wọ́n á tún máa jẹ pẹ̀lú ìpolówó.

Ohun tó gbé mi dé ibí gan-an rèé. Ṣé gbogbo yín ò ka ohun tí Àǹtí kọ ni? Kéèjì onírin! Lábẹ́ kọ́ńtà! Àǹtí, ẹ ti gbé MiFi yín lọ sí Kirikiri o. Ẹ̀rọ yẹn ní láti gbọ́ ohùn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì níta, kó tún bá láptọ́ọ̀pù yín sọ̀rọ̀ nínú ilé, ọ̀nà méjèèjì irin ló dí i. Ìgbì wáífáì 2.4GHz fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjìlá ààbọ̀, ihò nẹ́ẹ̀tì tí wẹ́dà so mọ́ kéèjì ò sì lè tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló ń rí ọ̀nà jáde. Fóònù yín tó ń sáré lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn wà lómìnira ni.

Ẹ gbé e jáde. Ẹ gbé e ga, sí ojú fèrèsé, kó kọjú síbi tí òpó wà, àmọ́ kí oòrùn má máa sá a o, torí tó bá gbóná jù ó máa ń dẹwọ́ ni. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ tàbí abẹ́ bátìrì, ẹ máa rí nọ́ńbà kan bíi 192.168.8.1 tàbí 192.168.0.1, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti ń tẹ àdírẹ́sì nínú búráúsà. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí agbára sígínà, dBm ni wọ́n ń kọ, àmì ìyọkúrò wà níwájú ẹ̀, -80 sàn ju -110 lọ fíìfíì. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí iye èèyàn tó wà lórí ẹ̀. Ẹ kà wọ́n dáadáa.

Tí MiFi yín bá ní ìgbì wáífáì 5GHz, tí láptọ́ọ̀pù náà sì ní in, ẹ lò ó nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn torí ó yára jù, àmọ́ kò lágbára láti la ògiri kọjá. 2.4 ló ń rìn jìnnà, òun náà sì ni gbogbo àdúgbò ń dù.

Bàbá Láfíàjí:

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin ọmọ mi. Tíṣà, o ṣeun, o sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà míì onílé ò jẹ̀bi. Lọ́jọ́ 14 Oṣù Kẹta 2024 nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá bàjẹ́ lápá Abidjan, àwọn tí wọ́n ń pè ní WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, lẹ́ẹ̀kan náà, mo pa MiFi mi, mo tàn án, mo pa á, mo tàn án, mo gbé e lọ sórí táńkì omi, ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ máa bá òfuurufú sọ̀rọ̀ ni. Àṣé gbogbo ìlú ló wà bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan mo máa ń kọ́kọ́ bi aládùúgbò pé tiyín ń kọ́.

Ìdájí ni èmi ń fa nǹkan tó bá tóbi, aago márùn-ún kí wọ́n tó pe ìrun, gbogbo ọmọ Èkó ṣì ń sùn, ó ń ṣàn bí omi ni. Tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ má dán an wò.

Àǹtí, ẹ wo WhatsApp yín náà o. Settings, Storage and data, Media auto-download, ẹ pa fọ́tò, ẹ pa fídíò. Kí n tó pa tèmi, gbogbo "Jumat Mubarak" tí wọ́n fi òdòdó ṣe, tó ń jó, tó ń kọrin, èmi ni mò ń fowó ara mi gbà wọ́n wọlé. Ẹ máa tẹ *323# láràárọ̀ kẹ́ ẹ mọ iye dátà tó kù, láti 2023 nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, *312# lẹ sì fi ń rà á. Tí wọ́n bá gbé dátà yín lọ tẹ́ ẹ ti pè wọ́n títí tí wọn ò dáhùn, ẹ pe 622, NCC nìyẹn, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ti pè é rí, ọjọ́ kejì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi fúnra wọn pè mí, wọ́n ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Ti kọ̀ǹpútà, èmi ò mọ̀ ju Ctrl+Z tó ń tún àṣìṣe ṣe. Àfi ti ọmọ-ọmọ mi tó kọ́ mi ní Ctrl+Shift+T, tí tábù tí mo ṣèèṣì pa fi ń padà wá. Mo ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo rò pé idán ni.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe (Ìkẹjà):

Bàbá, ẹ fi Windows+V kún un. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ bá ti kópì á tò sílẹ̀, ẹ ó wá mú èyí tó wù yín, kì í ṣe tìkẹyìn nìkan. Ìgbà àkọ́kọ́ á ní kẹ́ ẹ tẹ Turn on. Àǹtí tó ń tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì káàdì ìpè látàárọ̀ dalẹ́ máa gbádùn ẹ̀ gan-an.

Kéèjì yẹn, ọwọ́ mi wà lókè. Mo kà á, mo fò ó.

Àǹtí Onífótòkọ́pì (Ṣómólú):

Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo yín o. Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Nínú kéèjì, fast.com ní 1.9. Mo ṣí i, mo gbé MiFi sórí kọ́ńtà, 6. Mo gbé e sójú fèrèsé ẹ̀yìn tó kọjú sí òpó, 14! Mo dá a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì torí mi ò gbà á gbọ́. Mo tún fa ìwé fídáù Alhaji wálẹ̀ kí n lè wò ó, kò tó ìṣẹ́jú kan.

Èyí tó wá múnú bí mi, mo wọ 192.168.8.1 bí Tíṣà ṣe wí, èèyàn mẹ́sàn-án ló wà lórí MiFi mi. Mẹ́sàn-án! Èmi ní láptọ́ọ̀pù àti fóònù, ọmọ iṣẹ́ mi ní fóònù kan, mẹ́fà tó kù ńkọ́? Mo wo ọmọ iṣẹ́ mi, ó ń wo ilẹ̀. Ó ti fún bábà ẹ̀gbẹ́ wa ní páswọ́ọ̀dù, bábà ti fún àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ tó ń dúró dirun gígé, wọ́n á jókòó wọ́n á máa wo bọ́ọ̀lù. Páswọ́ọ̀dù náà, ẹ má bú mi, 12345678 ni. Mo ti yí i. Bábà wá bá mi nírọ̀lẹ́ pé Àǹtí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ti lọ o.

Disk mi náà, 100%, bí Bọ̀dá Ìkẹjà ṣe sọ. Owó SSD ni mò ń kó jọ báyìí, màá fi ránṣẹ́ sí yín kí n tó wá. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí wọn ò fi ní jí MiFi yìí lójú fèrèsé?

Tíṣà Kọ̀ǹpútà (Yábà):

Ike ni, Àǹtí, tàbí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn ìyẹn kì í dí i bí irin. Ẹ lu ihò sí i kí atẹ́gùn máa wọlé, kẹ́ ẹ kàn án mọ́ ògiri lókè níbi tí ọwọ́ ò ti lè tó o. Ẹ̀ṣọ́ fèrèsé onírin tó jìnnà síra wọn yẹn ò lè fi bẹ́ẹ̀ dí i.

Àǹtí Onífótòkọ́pì (Ṣómólú):

Káfíńtà ti bá mi kan àpótí pákó kan lónìí. Ó béèrè pé ṣé ẹyẹlé ni mo fẹ́ máa sìn. Kéèjì wẹ́dà ṣì wà lábẹ́ kọ́ńtà, owó ṣéńjì ni mò ń tì mọ́ inú ẹ̀ báyìí.