Ìgbòkun kékeré fún afẹ́fẹ́ líle: ṣé kí n rà á?

Ọmọ Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin atukọ̀. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, àmọ́ Ayétòrò ni ọkọ̀ onígbòkun mi wà. Tí afẹ́fẹ́ bá ti le, ọkọ̀ á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìtọ́kọ̀ á wúwo lọ́wọ́ mi, imú ọkọ̀ á sì máa yí sójú afẹ́fẹ́. Ẹnì kan fẹ́ ta ìgbòkun tó kéré fún mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn etí ìsàlẹ̀ aṣọ, ò gùn tó ọ̀pá ìsàlẹ̀ tó nà sẹ́yìn láti ara òpó. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́?

Àgbà Atukọ̀:
Àbúrò, ó máa ṣiṣẹ́. Aṣọ ìgbòkun ló pọ̀ jù lórí ọkọ̀ rẹ, má fi ìtọ́kọ̀ bá a jà. Tí eré afẹ́fẹ́ bá kúrò ní nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n eré lójú omi) 10 tó di 20, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára tó fi ń ti aṣọ.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn ìkọ́ etí rẹ̀ wọ ojú òpó rẹ. Bí wọn ò bá wọ̀ ọ́, má rà á rárá. Igun iwájú ò le: so ó mọ́ ibi tí òpó òun ọ̀pá ti pàdé. Igun ẹ̀yìn niṣẹ́ wà. Okùn kan á fà á sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ aṣọ á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Okùn kejì, tì í bọ inú ihò igun yẹn, fi yí ọ̀pá po lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí o wá ta á pinpin. Òun ni ò ní jẹ́ kí igun gbéra. Àwọn tó ń fi okùn kan ṣoṣo ṣe é, igun wọn á fò sókè, aṣọ á yọ ikùn, ọkọ̀ á tún dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Tún fa okùn òkè, èyí tó ń gbé ìgbòkun sókè, kó le gan-an.

Ará Igbókọ̀dá:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ta ló fẹ́ máa pààrọ̀ ìgbòkun lójú ìjì? Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìlà oòrùn ni òjò oníjì ti ń ṣú bọ̀, kì í sì í pẹ́ dé. Gbé ìgbòkun rẹ ti tẹ́lẹ̀ fún télọ̀ tó ń rán tapólì, kó lu ihò sí i láti ká a kù, kó fi aṣọ nínípọn lẹ igun méjèèjì. Àwọn okùn wẹ́wẹ́ àárín, aṣọ tó kù ni kí wọ́n kó jọ. Má so wọ́n le, wọ́n á fa aṣọ ya.

Ọmọ Àkúrẹ́:
Mo dúpẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìgbòkun iwájú ńkọ́?

Àgbà Atukọ̀:
Dín òun náà kù. Bó bá tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ, imú ọkọ̀ á máa sá fún afẹ́fẹ́, o ò ní lè dojú kọ afẹ́fẹ́ padà sílé. Ìmọ̀ràn ará Igbókọ̀dá dáa: lu ihò yẹn, kó o tó ronú àtira òmíràn.