Ìmọ̀ràn: Irú àgádágodo wo ni kí n fi ṣọ́ dátà tí ọwọ́ púpọ̀ ń kàn nínú driver ojú ẹ̀rọ?

Ọmọ Ìkọ̀lé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo wà, mo sì ń kọ driver Linux (ètò tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux, fi ń darí ẹ̀rọ) fún ojú ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ní 320 lọ́nà 240 pixel, èyí tí a so mọ́ òṣùwọ̀n tí àwọn àgbẹ̀ fi ń wọn kòkó kí wọ́n tó tà á. Ètò méjì ló ń kọ nǹkan sí i: ọ̀kan ń kọ ìwọ̀n kòkó, èkejì ń kọ iye iná tó kù nínú bátìrì. Àwọn méjèèjì ń fi àmì ààlà ibi tí wọ́n yí padà sínú struct (àkójọ dátà) kan ṣoṣo, worker (iṣẹ́ tí kernel ń ṣe lábẹ́lẹ̀) kan á wá ka ààlà náà, á sọ ọ́ di òfo, á sì fi àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́ gba orí SPI (ọ̀nà wáyà tí dátà ń gbà dé ojú ẹ̀rọ).

Ìṣòro mi ni pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àpò tí ó wọn kìlógíráàmù 64 á wà lórí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n 46 ti àpò ìṣáájú ni yóò ṣì máa hàn. Owó àgbẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fi mutex (àgádágodo tí ẹni tí ń dúró dè é lè sùn, ìyẹn kí ó fi CPU sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn) ti gbogbo rẹ̀, títí kan interrupt (ìpè tí ń dá CPU dúró lẹ́nu iṣẹ́) tí ojú ẹ̀rọ fi ń sọ pé òun ti ṣetán, kernel sì kọ ọ́ jáde pé «sleeping function called from invalid context». Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ di spinlock (àgádágodo tí ẹni tí ń dúró dè é ń pòòyì láìsùn), ẹ̀rọ náà sì gan pa. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n lò?

Àgbà Adó

Àbúrò mi, o káre tí o béèrè kí òṣùwọ̀n náà tó dé ọjà. Kí o tó yan àgádágodo kankan, mú bébà, kọ orúkọ dátà kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú struct rẹ sílẹ̀, kí o sì kọ gbogbo ẹni tí ń kà á àti gbogbo ẹni tí ń yí i padà síwájú rẹ̀. Bí o bá ṣe èyí fún ààlà náà, wàá rí ibi tí 46 ti ń wá. Worker rẹ ka ààlà tán, kò tíì sọ ọ́ di òfo, ni ètò ìwọ̀n bá fi ààlà tuntun kún un. Nígbà tí worker wá nu ún, ó nu tuntun mọ́ ti àtijọ́. Pixel 64 wà nínú ìrántí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rán an lọ sójú ẹ̀rọ mọ́, àfi bí ìwọ̀n bá tún yí padà. Kíkà àti nínù gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lójú ẹnikẹ́ni mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń yí iyán nínú odó ṣe ní láti yọ ọwọ́ tán kí ọmọ odó tó balẹ̀.

Àṣìṣe rẹ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà láti ìhà méjì. Ẹni tí ń dúró de mutex lè sùn, interrupt kò sì gbọdọ̀ sùn láé. Ẹni tí ó di spinlock mú náà kò gbọdọ̀ sùn, bẹ́ẹ̀ ni ìfiránṣẹ́ SPI máa ń sùn. Ká tilẹ̀ ní kì í sùn: 320 lọ́nà 240 ní báìtì méjì fún pixel kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 153,600, èyí tí ó gbà tó mílísẹ́kọ́ńdì 38 lórí SPI tí ń sáré ní 32 MHz. Ojú ẹ̀rọ tí ń yí àwòrán padà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò náà, CPU mìíràn á sì máa pòòyì lẹ́nu ọ̀nà láìṣe nǹkan kan.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o lo méjì. Jẹ́ kí spinlock máa ṣọ́ ààlà àti àmì tí interrupt ń yí padà nìkan. Jẹ́ kí mutex máa ṣọ́ SPI àti ipò bóyá ojú ẹ̀rọ wà ní títàn. Worker yóò kọ́kọ́ di mutex mú, lẹ́yìn náà yóò di spinlock mú, yóò da ààlà kọ sínú variable tirẹ̀, yóò sọ ti gbogbogbòò di òfo, yóò tú spinlock sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó wá fi àwòrán ránṣẹ́. spin_lock_irqsave, tí ń dí interrupt lọ́nà lórí CPU tí ó di spinlock mú, ni kí o lò níbẹ̀, nítorí bí interrupt bá wọlé lórí CPU kan náà tí o ti di spinlock mú, yóò máa dúró dè ọ́, ìwọ náà kò sì ní lè tẹ̀ síwájú láti tú u sílẹ̀.

Ará Ìjerò

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa láti Adó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí kòtò kan tí èmi fúnra mi ti já sí. Nígbà tí ẹ bá ń pa ojú ẹ̀rọ, ó dà bíi pé ó bójú mu láti di mutex yẹn mú kí ẹ tó pe cancel_work_sync. Ẹ má ṣe é. cancel_work_sync á dúró títí worker yóò fi parí, worker náà á sì máa dúró de mutex tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ di mutex mú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ẹ̀rọ ti kú, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ tó wá pe cancel_work_sync. Worker tí ó bá ta kébékébé wọlé lẹ́yìn náà yóò rí i pé ojú ẹ̀rọ ti kú, yóò sì padà.

Ọmọ Olókè Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀gbọ́n, chip wo ni ojú ẹ̀rọ yín ń lò? Bí ó bá jẹ́ ILI9341, driver rẹ̀ ti wà nínú Linux, ẹ kò sì nílò láti kọ òmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín síbẹ̀, ẹ gbé e ka orí DRM (apá kernel tí ń bójú tó àwòrán ojú ẹ̀rọ), kí ẹ sì jẹ́ kí àgádágodo tirẹ̀ máa ṣọ́ ipò ojú ẹ̀rọ. Irú mutex tí modeset (apá DRM tí ń ṣètò ojú ẹ̀rọ) ń lò dé inú Linux 3.11 ní ọdún 2013: bí ẹni méjì bá di méjì mú ní ìdàkejì ara wọn, ọ̀kan á gba -EDEADLK (àmì àṣìṣe pé wọ́n fẹ́ há mọ́ ara wọn), á pe drm_modeset_backoff láti tú gbogbo èyí tó ti dì mú sílẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Àgádágodo tiyín kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Àgbà Adó

Ọ̀rọ̀ àbúrò wa láti Ìkẹ́rẹ́ dára púpọ̀, mi ò sì ní jà sí i, àyàfi pé DRM kò ní ṣọ́ dátà tí ìwọ fúnra rẹ dá sílẹ̀. Iṣẹ́ bébà yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Ohun kan tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má fò ni lockdep, irinṣẹ́ tí ń ṣàyẹ̀wò bí a ṣe ń di àgádágodo mú, tí ó ti wà nínú kernel láti ọdún 2006. Tan CONFIG_PROVE_LOCKING àti CONFIG_DEBUG_ATOMIC_SLEEP nínú ètò kíkọ́ kernel rẹ. Iyì lockdep ni pé kì í dúró kí ẹ̀rọ gan kó tó sọ̀rọ̀. Tí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan pé o di A mú kí o tó di B, tí ó sì tún rí ìdàkejì rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, yóò pariwo, bí ìgbà méjèèjì tilẹ̀ parí ní àlàáfíà. Nínú iṣẹ́ yíya ojú ẹ̀rọ, níbi tí àṣìṣe lè farapamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yọjú níwájú àgbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo gbà gbọ́ ju ojú tèmi lọ. Fi lockdep_assert_held sí orí gbogbo function tí ó gbà pé ẹni tó pè é ti di àgádágodo mú.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Chip tèmi kì í ṣe ILI9341, nítorí náà mo ṣì ń bá driver mi lọ. Mo ṣe iṣẹ́ bébà náà, mo sì rí dátà kan tí n kò rántí rárá: ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ, tí ètò bátìrì ń dín kù láìdi ohunkóhun mú. Ó ti wà lábẹ́ mutex báyìí. Lockdep sì kígbe kí n tó lò ó fún wákàtí kan, lórí ibi pípa ojú ẹ̀rọ gan-an tí Ará Ìjerò sọ. Láti ìgbà tí mo ti tún un ṣe, mo ti gbé àpò lé òṣùwọ̀n, mo sì ti sọ ọ́ kalẹ̀ láti àárọ̀ títí iná fi lọ, n kò tíì rí nọ́ńbà àtijọ́ kankan. Mo ti kọ ọ́ sókè struct náà pé: rect_lock (spinlock náà) ló ń ṣọ́ x1, y1, x2, y2 àti ready, panel_mutex ló ń ṣọ́ SPI, enabled àti brightness, panel_mutex ni kí o kọ́kọ́ dì mú.