Amúnútutù ń so èso, ewé rẹ̀ ń kéré sí i: kí ni kí n ṣe?

Ọgbà-Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀. Amúnútutù tí mo fi irúgbìn gbìn ti pé oṣù mẹ́ta. Ó ti ń so èso dúdú, ewé òkè sì ń kéré. Àwọn ewé kan ní àmì roboto tí etí rẹ̀ pọ́n. Bí a bá sì sè é, ó ń yọ̀ ju ewédú lọ.

Alájílẹ̀: Èso yẹn ló ń gba agbára ewé yín. Amúnútutù máa ń tanná níbi tí ojúmọmọ kò bá ti tó wákàtí 13, kò sì sí oṣù tí ojúmọmọ ilẹ̀ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ ni oògùn rẹ̀. Ẹ gé ìtàkùn náà kí ó ku nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà lórí ilẹ̀, kí oríkèé mẹ́ta ó kéré tán ṣẹ́ kù, torí ojú oríkèé ni ẹ̀ka tuntun ti ń yọ. Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ méjì ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà yí ìdí kọ̀ọ̀kan ká, kó má kan igi rẹ̀. Ìgbẹ́ tútù á jó o. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gé ọ̀mùnú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹni tó ń já ewé lẹ́yọ lẹ́yọ, tó fi orí ìtàkùn sílẹ̀, èso ló ń sìn.

Ẹ má da èyí tí ẹ gé nù. Ẹ ri oríkèé méjì mọ́lẹ̀ níbi òjìji, kí ẹ máa bomi rin ín. Á ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó yá ju irúgbìn lọ, torí èèpo irúgbìn rẹ̀ le.

Ewéko-Tútù: Kí ẹ tó dá ajílẹ̀ sí i, ẹ hú ìdí kan wò. Bí gbòǹgbò bá wú ní kókó kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, aràn tín-ín-tín inú ilẹ̀ ni, ajílẹ̀ kò sì ní wò ó. Ẹ gbé e lọ síbòmíràn, ẹ má sì gbin tòmátì, ilá tàbí ṣọkọ rọ́pò rẹ̀, torí aràn kan náà ní ń bá wọn jà. Ti àmì roboto, ọ̀rinrin ló ń fà á. Ìdí ni kí ẹ máa bomi sí, kì í ṣe orí ewé. Ẹ fi 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ìdí méjì, ẹ ri ọ̀pá sí i kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Ọlọ́bẹ̀-Ilé: Yíyọ̀ kì í ṣe àrùn, àsèjù ló ń mú un pọ̀. Ẹ má bọ̀ ọ́, ẹ má rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. Ẹ din ata àti irú títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, igi rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i, ewé lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, kí ẹ sọ̀ ọ́ láìdé e.

Ọgbà-Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ ṣeun gan-an. Amúnútutù onígi pupa ńkọ́?

Alájílẹ̀: Ọ̀kan náà ni wọ́n, bákan náà la ṣe ń gé e. Àwọ̀ igi rẹ̀ nìkan ló máa ń jáde sínú ọbẹ̀.