Àbọ̀ ìbéèrè mi: BigQuery àbí Athena, pẹ̀lú Airflow

Mo béèrè èwo ló yẹ ká fi máa yẹ àkọsílẹ̀ títà gàrí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde wò: BigQuery ti Google àbí Athena ti Amazon (àwọn méjèèjì ń wá ìdáhùn nínú dátà ńlá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), pẹ̀lú Airflow, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àsìkò tí a bá yàn. BigQuery la mú. Ẹni tó ní ká pín tébù sí ọjọ́ọjọ́, ká yéé kọ SELECT * (àṣẹ tó ń mú gbogbo òpó tébù jáde), ìmọ̀ràn rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù: iye dátà tí BigQuery bá kà ni Google fi ń gbowó, TiB 1 (bíi GB 1,100) àkọ́kọ́ lóṣù sì jẹ́ ọ̀fẹ́. LIMIT, tó ń dín iye ìlà tí èsì ń fi hàn kù, ò dín owó kù fún wa. Gbogbo dátà tí ìbéèrè náà kàn ló ṣì ń kà.

Airflow wúlò díẹ̀. Bí iná bá lọ lóru, ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ catchup=True ń mú un padà ṣe iṣẹ́ tó fò, àmọ́ kọ̀ǹpútà wa ń mí hẹlẹ. Nítorí náà, scheduled query (ìbéèrè tí BigQuery fúnra rẹ̀ ń ṣe ní àsìkò tí a yàn) ti tó wa. Ìkìlọ̀ nígbà tí fáìlì tó ń wá láti Ṣàgámù bá pẹ́ ló kù. Ẹ ṣeun.